Ohùn Tí Oyèkẹ́mi Yá Lò

"Sé o ti fọ ọwọ́ rẹ, ẹn? Mo ní sé o ti fọ ọwọ́! Ta ló ní kí o gbé ẹsẹ̀ ìdọ̀tí wọ ilé mi, ẹn?"

Bí Oyèkẹ́mi ti sọ ọ́ tán ni ẹ̀rín sọ lẹ́yìn kíláàsì. Àwọn ọmọbìnrin ń gbá ara wọn lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, jókòó sínú eruku, ó di ikùn mú. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí Oyèkẹ́mi ń sín jẹ. Murielle ni, nọ́ọ̀sì Ilé Ìlera àwọn obìnrin. Ará Abomey ni, èdè Fọ̀n ni wọ́n sì fi tọ́ ọ dàgbà. Yorùbá tí ó kọ́ lẹ́nu àwọn ará Ọ̀họ̀rí ní ìlú Adja-Ouèrè kò tíì já geere. "Ṣ" a máa di "s" lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ a sì máa parí sí "ẹn?", bí ẹni pé ìjà ló ń wá.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Oyèkẹ́mi. Láti kékeré, nígbà tí ó ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ tí ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ní abúlé Massè, ni ó ti mọ bí a ti ń yá ohùn ẹni ẹlẹ́ni lò. Ó lè sọ̀rọ̀ bí olùkọ́ ìṣirò, ó lè sọ̀rọ̀ bí ìyá arúgbó tí eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Murielle yàtọ̀, nítorí pé inú a máa bí i bí ó bá ń ṣe é. Ó ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ìyábùnmi, lọ sí Ilé Ìlera lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀. Ó wọlé tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé tábìlì tí wọ́n to abẹ́rẹ́ sí. Murielle pariwo mọ́ ọn lójú gbogbo ènìyàn, ó lé e jáde bí ẹni ń lé adìẹ. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Oyèkẹ́mi kò gbàgbé ẹ̀rín yẹn.

Bí àwọn ọmọbìnrin ti túká lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Fiacre tọ̀ ọ́ wá lábẹ́ igi tíìkì. Kíláàsì Fiacre ga ju tirẹ̀ lọ. Ó mọ aṣọ wọ̀, fóònù tó dára ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ọmọbìnrin kan nílé-ẹ̀kọ́ náà tí kì í wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ó bá kọjá. Kò bá Oyèkẹ́mi sọ̀rọ̀ rí.

"Bí mo bá di ojú mi, màá rò pé obìnrin yẹn ló dúró tì mí," ni Fiacre wí. "Jẹ́ kí n gba ohùn náà sínú fóònù. Ṣùgbọ́n ti ọwọ́ fífọ̀ yìí kò dùn tó. Sọ nǹkan tó lágbára."

"Bíi kí ni?"

Fiacre tẹ orí sún mọ́ etí rẹ̀, ó sọ ọ́ fún un. Ẹ̀rín kúrò lójú Oyèkẹ́mi.

"Fiacre, ìyẹn ti le jù."

"Eré ni. Àwa nìkan la máa gbọ́ ọ. Àbí ẹ̀rù Murielle ń bà ọ́? Bí o kò bá lè ṣe é, màá pe Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, kò ní kọ̀."

Oyèkẹ́mi mọ̀ pé ìyá Fiacre ń ta oògùn lábẹ́ agbòòrùn lọ́jà, oògùn tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí ó ti ń wá. Ó mọ̀ pé láti ọjọ́ tí Ilé Ìlera ti ṣílẹ̀kùn ni oníbàárà ti ń sá fún obìnrin náà, tí ó sì máa ń ṣépè lójú ọjà fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ tó dá a sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló mọ̀. Ṣùgbọ́n Fiacre ń wò ó, ó ń wò ó bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó gba fóònù, ó gbé e sún mọ́ ẹnu.

"Má da ara rẹ láàmú, ọ̀gá," ni ó wí ní ohùn Murielle. "Isẹ́ ń lọ. Abẹ́rẹ́ tí mò ń gún fún wọn yìí, ikùn ló ń tì. Wọn ò ní lóyún mọ́. Èyí tó ti lóyún, oyún á wálẹ̀. Àwọn ará Ọ̀họ̀rí yìí ti pọ̀ jù, ẹn?"

Fiacre gba fóònù rẹ̀ padà. Kò rẹ́rìn-ín.

Àwọn obìnrin tí kò ní ọ̀gá tí yóò sanwó ìtọ́jú wọn ló dá Ilé Ìlera sílẹ̀: àwọn tó ń fún epo, àwọn tó ń yan gaàrí, onídìrí, aránṣọ. Fàtímátù ni olórí wọn, obìnrin gíga kan tí epo gbígbóná ti bó lápá nígbà kan rí, tí kò sì rí ẹni tọ́jú rẹ̀ títí apá náà fi gan. Lẹ́yìn ìyẹn ló kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ sínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Olúkúlùkù ń mú ohun tí agbára rẹ̀ ká wá lọ́jọ́ ọjà, wọ́n gba ilé oníyàrá méjì, wọ́n sì gba Murielle síṣẹ́. Bí ọmọ wọn ṣàìsàn, bí ọkọ wọn fara pa, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé wọn lọ.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí i. Àwọn ọkùnrin kan ń sọ pé, "Lónìí wọ́n ra abẹ́rẹ́, lọ́la wọn á ra ṣòkòtò." Àwọn olóògùn ọjà ń di wọ́n sínú. Murielle fúnra rẹ̀ kò mọ bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ dídùn báni sọ̀rọ̀. Ó ń tọ́jú ènìyàn dáadáa, ṣùgbọ́n a máa bá wọn wí bí ọmọdé. Nítorí náà, kò sí ohun tó le nínú títan iná ọ̀tẹ̀ níbẹ̀. Igi gbígbẹ ti wà nílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Ìyábùnmi ni Oyèkẹ́mi ń gbé kí ó lè máa lọ sílé-ẹ̀kọ́. Akínbáyọ̀, ọkọ Ìyábùnmi, ń fi alùpùpù rẹ̀ gbé èrò, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní zémì. Ọdún bíi mélòó kan ni tọkọtaya náà ti ń retí ọmọ, tí àwọn ará ilé Akínbáyọ̀ ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí Ìyábùnmi. Nísinsìnyí ó ti lóyún, oyún náà sì ti yọ dáadáa. Akínbáyọ̀ kò fẹ́ràn ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n nítorí oyún yìí, ó gbà kí ìyàwó òun máa lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Ìyábùnmi ń yan gaàrí lágbàlá, Oyèkẹ́mi ń fọ abọ́. Akínbáyọ̀ wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó na fóònù rẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀.

"Gbọ́ èyí."

Ohùn náà jáde. "Má da ara rẹ láàmú, ọ̀gá. Isẹ́ ń lọ..."

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Oyèkẹ́mi, ó yí lọ sẹ́bàá iná.

"Kò lè jẹ́ Murielle," ni Ìyábùnmi wí. "Obìnrin yẹn le lẹ́nu, àmọ́ kì í ṣe ìkà."

"Ohùn ta wá ni?"

Ìyábùnmi tún un gbọ́. Ó fi ọwọ́ lé ikùn rẹ̀. "Ohùn rẹ̀ ni," ni ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Gbogbo àwọn zémì ló ní in lórí fóònù wọn! Wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín, wọ́n ní èmi ni mò ń fi alùpùpù mi gbé ìyàwó mi lọ kí wọ́n lọ ba ikùn rẹ̀ jẹ́." Akínbáyọ̀ wọ yàrá, ó kó oògùn tí Murielle fún ìyàwó rẹ̀ jáde, ó dà á sínú iná gaàrí. "Ẹsẹ̀ rẹ kò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́." Ó wá yíjú sí Oyèkẹ́mi. "Ìwọ tí o máa ń sìn ín lọ, kí lo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí?"

Fofó ni Oyèkẹ́mi ń pè é, bí wọ́n ti ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin nílùú náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ó sọ, gbogbo rẹ̀ ì bá sì parí níbẹ̀ pẹ̀lú ìgbátí.

"Mi ò mọ nǹkan kan, Fofó," ni ó wí.

Kò tíì mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì tí ó ti ń dúró de Fiacre lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́.

"O ní àwa nìkan la máa gbọ́ ọ! Pa á rẹ́!"

"Mo ti pa tèmi rẹ́. Lọ bá àwọn ará abúlé Kpoulou pa tiwọn rẹ́." Fiacre wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Etí ẹ rèé: ohùn tèmi kọ́ ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń mú ènìyàn lórí irú nǹkan báyìí. Bí o bá lanu, ìwọ ni wọ́n á mú. Èmi á ní mi ò mọ̀ ọ́ rí."

Ìyẹn ni ìgbà ìkẹyìn tó bá a sọ̀rọ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Adja-Ouèrè di ibòmíràn. Àwọn obìnrin tó ti ń fún epo pọ̀ fún ọdún púpọ̀ ń bú ara wọn níbi ìfúnpo. Ọ̀kan já gèlè ẹnìkejì rẹ̀, ó ní obìnrin náà àti Murielle ló jọ ba oyún ọmọ òun jẹ́. Àwọn ọkọ ń fi ìkúùkù gba ìyàwó wọn kúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹnìkan lọ da ìgbẹ́ sẹ́nu ọ̀nà Ilé Ìlera. Bí Murielle bá fẹ́ ra oúnjẹ, olóúnjẹ a bo ìkòkò. Bí ó bá na ọwọ́ sí zémì, zémì a kọjá. Àwọn ọmọ kéékèèké ń tẹ̀ lé e ládùúgbò, wọ́n ń kígbe "Ẹn? Ẹn? Ẹn?", àwọn ìyá wọn sì dúró lójú fèrèsé, wọn kò bá wọn wí. Ó ń rìn láàárín wọn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ le. Ó ṣì ń ṣí ilẹ̀kùn láràárọ̀, bí kò tilẹ̀ sí aláìsàn tó ń wọlé.

Oyèkẹ́mi kò sín ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Bí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bá ní kí ó ṣe Murielle, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lù wọ́n. Wọ́n wò ó lọ́nà kan, wọ́n sì dákẹ́. Àwọn náà ti mọ ẹni tó ni ohùn inú fóònù. Ẹ̀rù ń ba àwọn náà.

Nílé, ẹsẹ̀ Ìyábùnmi ti bẹ̀rẹ̀ sí wú. Orí ń fọ́ ọ lójoojúmọ́. Akínbáyọ̀ lọ ra oògùn fún un lábẹ́ agbòòrùn ìyá Fiacre, Ìyábùnmi sì ń gbé e mì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú gidigidi, ó na ara rẹ̀ sórí ẹní, ó pe àbúrò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Oyèkẹ́mi, ẹ̀rù ń bà mí. Murielle ti sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ó ní kí n máa wá kí òun máa wò ó, kí n má pa á jẹ. Ojú mi ń ṣú báyìí bí mo bá dìde. Mi ò mọ ẹni tí màá gbà gbọ́ mọ́. Ṣé lóòótọ́ ni obìnrin yẹn kórìíra wa?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, ó fi etí aṣọ bo ojú. Oyèkẹ́mi jókòó síbẹ̀. Ó ro Akínbáyọ̀, ó ro àwọn ọlọ́pàá, ó ro ìdánwò BEPC tí ó fẹ́ fi wọ kíláàsì àgbà, tó kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó mú abẹ̀bẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ sùn, ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí. "Ó máa lọ."

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, ó bá Ìyábùnmi nílẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò gaàrí. Gìrì ti gbé e. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ti yí, ìfófòó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Igbe Oyèkẹ́mi ló kó àwọn ará ilé jáde. Wọ́n pe Akínbáyọ̀, ó sáré dé.

"Ẹ gbé e lọ sí Ilé Ìlera!" ni obìnrin kan wí. "Ó wà lẹ́yìn ilé níbí!"

"Ẹ má dá a láṣà!" Akínbáyọ̀ ń gbọ̀n bí ìyàwó rẹ̀ ti ń gbọ̀n. "Ṣé kí wọ́n lè parí ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀? Ilé ìwòsàn Pobè là ń lọ. Ẹ wá mọ́tò!"

"Fofó, irọ́ ni!" Oyèkẹ́mi di apá rẹ̀ mú. "Irọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn! Èmi ni mo sọ ọ́! Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá Murielle!"

Akínbáyọ̀ já apá rẹ̀ gbà. Kò tilẹ̀ wò ó. Àwọn obìnrin ní ẹ̀rù ti da orí ọmọ náà rú, wọ́n fà á sẹ́yìn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí mọ́tò, ọ̀nà sì ti bàjẹ́ látàrí òjò. Oyèkẹ́mi gbé orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé itan títí wọ́n fi dé Pobè, gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá bọ́ sínú kòtò ni ó ń gbọ́ bí eyín Ìyábùnmi ti ń kan ara wọn.

Dókítà jáde sí wọn nírọ̀lẹ́. Ó ní ìyá yè. Ọmọ kú, ọkùnrin ni.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ni," ni dókítà náà wí. "Kì í ṣe òjijì. Ṣé kò sí ibì kankan tí wọ́n ti ń wò ó fún un?"

Akínbáyọ̀ bọ́ síta. Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí fóònù. Oyèkẹ́mi gbọ́ ohun tí ó sọ: "Murielle ti pa ọmọ mi."

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, alùpùpù kún iwájú Ilé Ìlera. Òkò wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn, igi wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Wọ́n ti fọ́ fèrèsé kan. Fàtímátù dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwọn obìnrin díẹ̀ tó ṣẹ́kù nínú ẹgbẹ́, apá rẹ̀ tó gan náà ló fi di férémù ilẹ̀kùn mú. Murielle wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ mú un jáde fún wa!" ni Akínbáyọ̀ ń kígbe. "Àbí kí a dáná sun yín mọ́ ọn!"

Oyèkẹ́mi ti wọ zémì láti Pobè, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó já wọ àárín wọn tòun ti aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gbẹ sí.

"Fofó, mo ti sọ fún yín lánàá. Èmi ni. Murielle kò sọ nǹkan kan."

"Kúrò níbẹ̀!"

"Ṣé ẹ ò rí i pé Fàtímátù ti fún un ní nǹkan?" ni ọkùnrin kan wí. "Ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀. Ta ló kọ́ ọ ní ohun tí wàá sọ?"

Wọ́n ti ń tì í. Òkò kan ti fò kọjá lórí rẹ̀, ó bà lára ògiri. Oyèkẹ́mi di ojú, ó mí sínú, ó sì kígbe:

"Má da ara rẹ láàmú, ọ̀gá! Isẹ́ ń lọ. Abẹ́rẹ́ tí mò ń gún fún wọn yìí, ikùn ló ń tì..."

Ó sọ ọ́ dé òpin, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ó la ojú. Ọkùnrin kan gbé fóònù sétí, ó tẹ ohùn náà, ó ń wo ẹnu Oyèkẹ́mi bí ẹni ń fi ọjà wé ọjà. Ó gbé fóònù náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Igi bọ́ lọ́wọ́ Akínbáyọ̀.

"Mo bi ọ́," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. "Mo bi ọ́ lẹ́nu lẹ́bàá iná gaàrí. O ní o kò mọ nǹkan kan."

Oyèkẹ́mi kúnlẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ìbínú gbogbo èrò náà wá já lé e lórí. Ẹnìkan fi ọwọ́ gbá a létí, ẹlòmíràn fà á láṣọ ya. Fàtímátù ló wọ àárín wọn, ó fi ara rẹ̀ dí i.

"Ẹni tó bá tún fọwọ́ kàn án, èmi ló máa bá jà. Kì í ṣe ìfẹ́ tí mo ní sí i. Bí ó bá wù mí ni, màá fi ọwọ́ ara mi lù ú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta nínú yín ló wá bi wá léèrè kí ó tó gbé òkò? Àwọn abẹ́rẹ́ yìí ni wọ́n gún fún ọmọ tiyín, ta ló kú nínú wọn?"

Wọ́n ń kùn, wọ́n ń wo ilẹ̀. Murielle jáde sí ìta, ó dúró níwájú Oyèkẹ́mi.

"Kí ni mo se fún ọ?" ni ó bi í.

"Kò sí, mà. Ẹ kàn pariwo mọ́ mi lọ́jọ́ kan."

Murielle wọlé, ó kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì. Fàtímátù bẹ̀ ẹ́, àwọn obìnrin tí wọ́n bo ìkòkò fún un náà wá ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kò lè gún abẹ́rẹ́ fún ẹni tó gbé òkò dúró de òun. Lọ́jọ́ náà gan-an ló kúrò ní Adja-Ouèrè, kò sì padà wá.

Oyèkẹ́mi sọ pé Fiacre ló gba ohùn òun sínú fóònù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti wó agbòòrùn ìyá Fiacre lulẹ̀, oògùn rẹ̀ fọ́n ká sínú ẹrẹ̀. Fiacre ti sá lọ sí Cotonou. Ó ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun kò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà rárá. Àwọn ọlọ́pàá fi ọ̀rọ̀ wá Oyèkẹ́mi lẹ́nu wò títí, wọ́n sì fà á lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú ìkìlọ̀, nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Akínbáyọ̀ ti ju àpótí rẹ̀ síta. Kò ṣe ìdánwò náà lọ́dún yẹn. Massè ni ó padà sí, ó ń bó ẹ̀gẹ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́, àwọn aládùúgbò kì í sì í jẹ́ kí ọmọ wọn bá a ṣeré.

Ó pẹ́ kí ẹgbẹ́ náà tó rí nọ́ọ̀sì mìíràn. Nígbà tí wọ́n rí i, àwọn ènìyàn kò yá láti wọlé. Fàtímátù wá sí Massè, ó bá bàbá Oyèkẹ́mi sọ̀rọ̀. "Ohun tí ó fi ẹnu bàjẹ́, ẹ jẹ́ kó fi ẹnu tún un ṣe. Màá máa mú un káàkiri abúlé. Kó máa dúró níwájú wọn, kó máa sọ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni Oyèkẹ́mi bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé e. Wọn kò fi ọ̀yàyà gbà á níbì kankan. Ní Kpoulou, obìnrin kan da omi ìdọ̀tí sí i lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ìwọ ni? Kúrò lágbàlá mi." Bàbá àgbàlagbà kan gbọ́ gbogbo rẹ̀ dé òpin, ó sì mi orí. "Ohùn tí mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn ni mo gbà gbọ́. Ẹ̀rù ìjọba ló ń bà ọ́ báyìí." Oyèkẹ́mi bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó lóyún dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Fàtímátù fa Oyèkẹ́mi lọ́wọ́, wọ́n kọjá sí ilé kejì.

Nígbà ìkórè, Ìyábùnmi wá ran àwọn òbí rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti rù, ó ti dàgbà lójú. Oyèkẹ́mi ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, kò dáhùn. Wọ́n jókòó síbi òkìtì ẹ̀gẹ́ kan náà, ọ̀bẹ wọn ń dún, ẹnìkan kò sì wo ẹnìkan. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, Ìyábùnmi sọ̀rọ̀, kò gbé ojú sókè.

"Ẹ̀rín tí ẹ rín nílé-ẹ̀kọ́, mo lè fojú fò ó. Ọmọdé ni yín. Ti orí ẹní yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi. Mo bi ọ́ léèrè, mò ń sunkún, o sì mọ̀. O ní kí n sùn."

Omi ń dà lójú Oyèkẹ́mi. "Ẹ dákun, ẹ̀gbọ́n mi."

"Má bẹ̀ mí. Mi ò tíì dárí jì ọ́, mi ò sì mọ ọjọ́ tí màá dárí jì ọ́. Níbo ni ìwọ àti Fàtímátù ń lọ lọ́la?"

"Abúlé kan lẹ́yìn Kpoulou."

"Wọ́n sọ fún mi pé o máa ń sọ ti fóònù, o máa ń sọ ti Murielle, wàá wá dákẹ́." Ìyábùnmi ju ẹ̀gẹ́ tí ó bó tán sínú agbọ̀n. "Má fo ti ọmọ mi mọ́. Ọkùnrin ni. Sọ ọ́ fún wọn."

Lọ́jọ́ kejì, Oyèkẹ́mi dúró níwájú àwọn ará abúlé náà, ohùn ara rẹ̀ ló sì fi sọ ọ́, láìfo ọ̀kankan. Ó sọ fún wọn pé eré ni òun pe irọ́ náà nígbà tí òun ń pa á, pé nítorí kí ọmọkùnrin kan lè máa wo òun ni. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá gba ohùn tàbí àwòrán sórí fóònù rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ wádìí kí ó tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ó sì sọ fún àwọn ojúgbà rẹ̀ tó wà níbẹ̀ pé àṣìṣe òun kò tíì pa ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ tí òun ṣe é. Dídákẹ́ tí òun dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ló pa ọmọ ẹ̀gbọ́n òun. Ẹni tó bá ti ṣe ohun tí kò dára, kí ó tètè jẹ́wọ́ nígbà tí ìyà rẹ̀ ṣì kéré, kí ẹlòmíràn má baà bá a jẹ ẹ́.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń lọ, aboyún kan dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó bi Fàtímátù léèrè, láìwo Oyèkẹ́mi lójú, ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì tuntun náà ń wo ẹ̀jẹ̀.